Ẹja mandarin: àwọ̀ ẹ̀ ló fà mí, ebi ló fi kú

Àbúrò mi kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá, fọ́tò ẹja kan tí kò gùn ju ìka àárín lọ, búlúù ara ẹ̀ ń tàn yòò, ilà ọ́réǹjì wá wọ́ kọ́lọkọ̀lọ káàkiri gbogbo ara ẹ̀ bí ẹni pé aládìrẹ jókòó tì í, ó fi ìyẹ́ adìyẹ fà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹja yìí wù mí gan-an o, ẹni tó ń tà á ní kí n wá gbé e ní Sátidé, ṣé kí n rà á?" Mo wo fọ́tò yẹn títí, àyà mi já. Mo mọ ẹja yẹn. Mo ti ní irú ẹ̀ rí, ó sì kú mọ́ mi lọ́wọ́, kì í ṣe àìsàn ló pa á, ebi ni, ebi o, nínú táńkì tí mò ń da oúnjẹ sí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi voice note dá a lóhùn, mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta mo sì pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀rọ̀ yẹn gùn jù, ló jẹ́ kí n wá kọ ọ́ síbí, kí ẹlòmíì tí ẹja yìí bá wù náà lè rí i kà kó tó mú owó jáde.

Mandarin lorúkọ ẹ̀. Àwọn tó ń tà á sábà máa ń pè é ní mandarin goby, goby kọ́ ni o, ẹbí tí wọ́n ń pè ní dragonet ló ti wá. Onímọ̀ ẹja ará Amẹ́ríkà kan, Albert Herre, tó ṣiṣẹ́ ní Philippines, ló kọ́kọ́ kọ nípa ẹ̀ sínú ìwé ìmọ̀ ní 1927, Synchiropus splendidus lorúkọ tí ìwé ń pè é lónìí, splendidus yẹn túmọ̀ sí pé ó ń dán, ó ń kọ mànà. Mandarin tí gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n sí, látara aṣọ àwọn ìjòyè ọba ilẹ̀ Ṣáínà ayé àtijọ́ ni, àwọn tó máa ń wọ ẹ̀wù sílíìkì aláràbarà tí wọ́n kó iṣẹ́ ọnà sí lára. Ẹni tó ronú orúkọ yẹn kàn án.

Ẹ jẹ́ n sọ bí èyí tó wà lọ́dọ̀ mi báyìí ṣe rí, torí fọ́tò ò lè sọ ọ́ tán. Orí ẹ̀ fẹ̀, ó tẹ́ díẹ̀, ojú ẹ̀ méjèèjì yọ gọngọ sókè bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, ẹnu ẹ̀ wá kéré, ó kéré gan-an, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn sọ́kàn torí mo máa padà síbẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé tó fẹ́ máa di yẹ́lò, pẹ̀lú ilà búlúù lórí ẹ̀. Ara ẹ̀ ni ọ́réǹjì àti búlúù ti ń lọ́ mọ́ra wọn. Lẹbẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀ méjèèjì tóbi, wọ́n tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, àwọ̀ ewé ni wọ́n, etí wọn wá ní búlúù tó dà bíi wàjì tuntun. Tó bá jẹ́ akọ, egungun àkọ́kọ́ nínú lẹbẹ ẹ̀yìn ẹ̀ á gùn yàtọ̀, á nà sókè bí ọ̀pá àsíá, ohun tẹ́ ẹ fi máa mọ akọ yàtọ̀ sí abo nìyẹn kódà tí wọ́n bá ṣì wà nínú ọ̀rá.

Búlúù yẹn, ẹ bá mi dúró nídìí ẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹranko tá a rí tó ní búlúù lára, kì í ṣe pé aró búlúù kankan wà lára wọn. Ìyẹ́ ọ̀kín, apá àwọn labalábá búlúù ńlá yẹn, ọ̀pọ̀ ẹja búlúù inú òkun pàápàá, bí nǹkan tíntìntín ṣe tò sínú ara wọn ló ń ta ìmọ́lẹ̀ búlúù padà sí wa lójú, tẹ́ ẹ bá lọ ìyẹ́ ọ̀kín kúnná, búlúù ẹ̀ á pòórá. Ti mandarin ò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1995 àwọn onímọ̀ méjì ní Japan, Makoto Goda àti Ryozo Fujii, kọ ọ́ jáde pé sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú awọ ẹja yìí tó gbé aró búlúù gidi sínú, wọ́n pe sẹ́ẹ̀lì yẹn ní cyanophore, wọ́n rí i lára òun àti ìbátan ẹ̀ kan tó ní àmì róbótó-róbótó lára, Synchiropus picturatus. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín gbogbo ẹranko tó ní eegun ẹ̀yìn. Nígbà tí mo ka èyí, mo dìde lórí àga, mo lọ dúró síwájú táńkì, mo tún ẹja yẹn wò bí ẹni tí ò rí i rí.

Kò ní ìpẹ́ lára rárá. Ohun tó bò ó ni omi ara kan tó ki, tó ń yọ̀ bí ilá, ó ń rùn, ó sì korò lẹ́nu ẹja tó bá fẹ́ gbé e mì, awọ ẹ̀ ló ń ṣe é jáde. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìkìlọ̀ ni gbogbo àwọ̀ yẹn jẹ́, pé ó ń sọ fún ẹja ńlá pé èmi rèé, má fẹnu kàn mí. Mo gbà á gbọ́ torí mo ti rí i bó ṣe máa ń rìn lójú gbogbo ẹja yòókù láìyára, láìwẹ̀yìn.

Ibi tí wọ́n ti ń rí i ni apá ìwọ̀ oòrùn òkun Pàsífíìkì, láti erékùṣù Ryukyu ní Japan wá sí Philippines, Indonesia, Palau, Papua New Guinea, títí dé Australia. Ẹ má rò pé ibi tí omi ti mọ́ gaara tí iyùn, ohun abẹ̀mí tó ń hù bí òkúta nísàlẹ̀ òkun, ti ń tàn ló ń gbé o. Ibi tí omi ti rọ̀ ló fẹ́ràn, ẹ̀gbẹ́ etíkun, inú ọ̀sà, láàárín iyùn tó ti fọ́ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ àti iyùn ẹlẹ́ka tó lè sá sí, kì í sábà jìn ju mítà 18 lọ. Àwọn òmùwẹ̀ máa ń lọ wò ó lábẹ́ èbúté ọkọ̀ gan-an, ní Banda Neira ní Indonesia, inú èbúté níbẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i, láàárín òkúta tí èèyàn kó sílẹ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ oúnjẹ, torí òun gan-an ni mo fi jókòó.

Mandarin kì í sáré lé oúnjẹ. Mo ti jókòó síwájú táńkì lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mi ò ní iṣẹ́ kankan, mo ń wò ó. Ó máa ń rìn ni, ó á fi lẹbẹ ìsàlẹ̀ méjèèjì tẹ orí òkúta, á gbé ara ẹ̀ síwájú díẹ̀, á dúró síbẹ̀, á máa fi lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ fẹ́ yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́ bí ẹyẹ akùnyùnmù, ojú ẹ̀ á yí sọ́tùn-ún, á yí sósì, á tẹjú mọ́ ibì kan tí èmi ò rí nǹkan kan níbẹ̀, á tún sún mọ́ ọn, ẹnu ẹ̀ á wá yọ jáde bí ọ̀pá kékeré, tó!, á sì padà wọlé, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún mo ka 31. Bó ṣe ń ṣe é láti àárọ̀ tí ilẹ̀ bá mọ́ nìyẹn títí di ìgbà tí iná bá fẹ́ kú. Ohun tó ń ṣán jẹ ni copepod, kòkòrò omi tíntìntín tí wọ́n jẹ́ ẹbí edé àti akàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tó mìlímítà kan, wọ́n ń gbé lára òkúta àti láàárín iyanrìn, ó tún máa ń jẹ àwọn amphipod tó dà bí edé kékeré, aràn kéékèèké, ìgbín tó kéré gan-an, àti ẹyin ẹja. Ohun ààyè ni gbogbo wọn. Ohun tó bá ń mira ni ojú ẹ̀ mọ̀ ní oúnjẹ.

Ẹ wá wo èmi nígbà yẹn. Táńkì mi ò tíì pé oṣù mẹ́ta. Òkúta inú ẹ̀ funfun nini, gíláàsì ẹ̀ mọ́, mi ò fẹ́ kí ìdọ̀tí kankan wà níbẹ̀, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mò ń fọ̀ ọ́, inú mi sì ń dùn sí i. Mo bi ẹni tó tà á fún mi pé kí ló ń jẹ, ó ní ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fún àwọn tó kù, á jẹ nínú ẹ̀. Mo gbé e délé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ó ń ṣán òkúta kiri, inú mi dùn, mo ní ẹja mi ti ń jẹun. Mo da oúnjẹ gbígbẹ sí i, àwọn ẹja yòókù ya bò ó, òun dúró, ó wo èyí tó já bọ́ sí iwájú ẹ̀ gan-an, ó wò ó, ó wò ó, ó sì kọjá lára ẹ̀. Mo ní ó ṣì ń ṣe àjèjì ni. Mo ra edé kéékèèké dídì, bákan náà. Ọ̀sẹ̀ kejì ó ṣì ń ṣán òkúta kiri láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìyẹn ló tàn mí jẹ, mi ò mọ̀ pé ó ti jẹ gbogbo ohun tó wà lára òkúta yẹn tán láàárín ọjọ́ mélòó kan, pé wíwá ló ń wá a, kì í ṣe jíjẹ ló ń jẹ. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo ṣàkíyèsí pé ẹ̀yìn ẹ̀ ti mú bí ojú ọ̀bẹ. Tẹ́ ẹ bá wò ó láti òkè, orí ẹ̀ wá fẹ̀ ju ara ẹ̀ lọ, ikùn ẹ̀ ti wọnú, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti rì sí ìhà méjèèjì. Àwọ̀ ẹ̀ ò ṣá rárá, ìyẹn ló dùn mí jù, ó ń tàn bó ṣe ń tàn lọ́jọ́ tí mo rà á. Nígbà tí mo fi máa mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, ó ti pẹ́. Mo bá a ní àárọ̀ ọjọ́ kan lábẹ́ òkúta, lẹbẹ ẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀ bí ìgbà tó fẹ́ rìn.

Mi ò ra ẹja kankan fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mo fi táńkì yẹn sílẹ̀, mo jẹ́ kó dàgbà. Òkúta ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń yọ àwọ̀ ewé, ó ń hu nǹkan, mi ò ha á mọ́. Ó lé ní ọdún kan kí n tó tún ronú mandarin. Mo lọ ra òkúta inú òkun tó ti ní nǹkan abẹ̀mí lára, mo kó o sí i. Mo ṣe táńkì kékeré kejì sábẹ́ ti ńlá, omi ń ti ibẹ̀ lọ ó ń ti ibẹ̀ bọ̀, ewé òkun nìkan ló wà nínú ẹ̀, kò sí ẹja kankan tó lè jẹ copepod níbẹ̀, wọ́n ń bímọ sínú ewé yẹn, pọ́ǹpù á máa gbé wọn lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Lálẹ́ tí mo bá tan tọ́ọ̀ṣì sí gíláàsì, mo máa ń rí wọn, nǹkan funfun bí iyọ̀ tó ń fò kiri. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí wọn báyìí ni mo sọ pé ó kù díẹ̀.

Mo tún ń sin wọn sínú ìgò, kò le rárá. Ìgò ńlá kan, omi òkun, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tí mo tú jẹ́jẹ́ kó má baà dà wọ́n rú, àti omi àwọ̀ ewé kan tí wọ́n ń tà, phytoplankton ni, ewé omi tó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i, òun làwọn copepod ń jẹ. Mo máa ń da díẹ̀ sí i títí omi ìgò á fi ní àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́, tí omi bá ti mọ́ padà mo mọ̀ pé wọ́n ti jẹ ẹ́ tán, mo tún dà sí i. Irú méjì ni mo ní, Tigriopus pupa díẹ̀, ó máa ń wẹ̀ nínú omi ní gbangba, ojú mandarin tètè máa ń rí i, Tisbe wá kéré ju ìyẹn lọ, àárín òkúta ló ń sá sí, òun ló ń bímọ nínú táńkì tí kì í tètè tán. Tí mo bá fẹ́ dà wọ́n sí táńkì, mo máa ń pa gbogbo pọ́ǹpù fún bí ogún ìṣẹ́jú, lálẹ́ lẹ́yìn tí iná bá kú, kí wọ́n ráyè wọ inú òkúta kí àwọn ẹja yòókù tó gbá wọn mì.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń mú u nínú òkun. Ní Philippines, àwọn apẹja kan máa ń fi ọ̀kọ̀ kékeré tó ní abẹ́rẹ́ méjì lẹ́nu gún un, wọ́n á gún un díẹ̀ láìpa á, torí ó máa ń sá wọ àárín iyùn, àwọ̀n ò lè wọ ibẹ̀. Akọ tó tóbi ni wọ́n ń wá jù, torí òun ló lẹ́wà jù, òun yẹn náà sì ni àwọn abo fẹ́ràn jù. Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo ara ẹ̀ dáadáa bóyá ojú ọgbẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi àwọ̀n gbé e, ẹ̀gún kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ tó máa ń há mọ́ àwọ̀n, tí wọ́n bá fà á á ya, ife ni kí wọ́n fi bù ú pẹ̀lú omi ẹ̀.

Akọ kan àti abo kan ló wà lọ́dọ̀ mi báyìí, akọ méjì ò gbọdọ̀ sí nínú táńkì kan o, wọ́n á ja ara wọn pa. Ìrọ̀lẹ́ ni àsìkò wọn. Tí iná bá ti ń rọ̀, tí gbogbo ẹja yòókù ti ń wá ibi sùn, akọ á jáde sórí òkúta, á na lẹbẹ ẹ̀yìn ẹ̀ sókè, á máa yí abo ká. Ọjọ́ míì abo ò ní dá a lóhùn, á kọjá lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ tó bá gbà, abo á sún mọ́ ọn, á fara ti lẹbẹ akọ, wọ́n á fẹ̀gbẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè pọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọn ò ní kánjú, àwọn tí kì í kúrò nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ wọ̀nyí, wọ́n á gòkè títí wọ́n á fẹ́ kan ojú omi, wọ́n á dúró síbẹ̀ bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, wọ́n á tú ẹyin àti àtọ̀ sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà, fìrí!, oníkálukú ti já wálẹ̀ sínú òkúta ẹ̀. Nínú òkun náà bó ṣe ń rí nìyẹn, wọ́n á gòkè tó bíi mítà kan lókè iyùn. Ẹyin yẹn lè tó igba, wọ́n mọ́ gaara, wọ́n á fó lọ, bàbá ò ṣọ́ wọn, ìyá ò ṣọ́ wọn, kó tó di ọjọ́ kejì wọ́n á ti pa. Tọ́ọ̀ṣì pupa ni mo fi ń wò wọ́n, àwọn òmùwẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá tan iná funfun sí wọn, gbogbo ẹ̀ parí nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tí wọ́n jọ gòkè, mi ò lè sùn. Ẹja tí ebi ń pa kì í bímọ.

Àwọn kan ti wà báyìí tó jẹ́ pé inú táńkì ni wọ́n bí wọn sí, wọn ò mú wọn látinú òkun rárá, wọ́n sì ti kọ́ wọn láti máa jẹ oúnjẹ dídì àti oúnjẹ róbótó kéékèèké. Tí àbúrò mi bá rí irú èyí, òun ni mo fẹ́ kó rà, bó tiẹ̀ wọ́n ju èkejì lọ. Kódà irú wọn pàápàá, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ẹ̀ ń dà sí i nìkan, kí copepod máa wà nílẹ̀ dè é, torí gbogbo ọ̀sán ló fi ń jẹun, ẹ ò lè dúró tì í láti àárọ̀ dalẹ́.

Mo ti pe àbúrò mi lálẹ́ àná. Mo bi í pé táńkì ẹ̀ ti tó oṣù mélòó, ó ní oṣù mẹ́rin. Mo ní ẹja wo ló tún wà nínú ẹ̀, ó ka méjì fún mi tí wọ́n jẹ́ ẹja tó ń ṣán copepod látàárọ̀ dalẹ́ bíi ti mandarin gan-an. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, tí mi ò bá rà á, ẹlòmíì á rà á." Òótọ́ ni, mi ò lè sọ pé irọ́ ni. Mo ní kó kọ́kọ́ ra òkúta àti copepod ná, kó fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa bímọ, ìgò méjì nínú tèmi wà níbí tí mo lè fún un lọ́fẹ̀ẹ́, tó bá di ọdún tó ń bọ̀ ká tún jọ sọ̀rọ̀ ẹja. Ó gbà, àmọ́ ó ní òun ṣì fẹ́ lọ wò ó ní Sátidé, ojú lásán. A jọ ń lọ. Mo máa ní kí ẹni tó ń tà á da oúnjẹ sí i lójú wa, èmi á sì wo ẹ̀yìn ẹja yẹn láti òkè.